Yunifásítì Inú Yàrá

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdu

Mummy Adétóyè pè mí sí ọ́fíìsì nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun. Wọ́n ní kí n jókòó. Tí ẹni tó ni ilé ìwé bá ní kí olùkọ́ jókòó, ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ àwọn ní Àbújá kí ọdún tó parí, àwọn sì fẹ́ fi ẹni gidi sórí àga ọ̀gá àgbà. Mo ní, "Mà, ṣebí èmi ni mo wà níbẹ̀ láti èṣí."

Wọ́n ní, "Tóyọ̀sí, adelé ni ẹ́. Mo mọ iṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ń ka ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ èèyàn. NCE nìkan ò tó wọn mọ́."

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí n mú lẹ́tà ìgbaniwọlé fún digírì wá kí a tó wọlé ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Wọn ò ní kí n ti kà á tán, wọ́n ní kí n ti bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí lẹ́tà, ẹnì kan wà ní Ìlọrin tó ní digírì, ó sì ti gbà láti wá.

Inú bí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Méjèèjì ni mo ṣe kí n tó dìde.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Mi ò lè fi Ọ̀fà sílẹ̀ lọ jókòó sí yunifásítì kankan. Ayọ̀dàmọ́lá wà níbi iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, oṣù-oṣù ni ọkọ mi ń wálé. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ̀ tó ń bá wa gbé, Màmá ò lè dá lọ sí ilé ìwẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì kéré. Kí yunifásítì wá bá mi nínú yàrá ló kù.

Nàfísàt tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ló sọ fún mi pé irú rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ ò jọ ń wọ kíláàsì, bí ẹsẹ̀ oníkálùkù bá ṣe yá ni. O fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan parí ìwé kan, o lè parí ẹ̀. O fẹ́ fi oṣù mẹ́ta jókòó tì í, wọn ò ní bínú.

Mo ní, "Ta ló wá ń na ẹni tó bá ń ṣọ̀lẹ?"

Ó ní, "Owó tó ń lọ ni pàṣán." Nàfísàt á fi ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ kan.

Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Òjò látàárọ̀. Kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fọ aṣọ, kò gbẹ.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ń yẹ̀ wò báyìí, mo sì ti ń lá àlá wọn.

Èyí tó wà ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ wù mí. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gbowó, iye ìwé tí o bá sì lè kà tán láàárín ìgbà náà, tìẹ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá lè fi ọdún méjì gba digírì, wọ́n á tún yọ díẹ̀ kúrò fún mi nítorí NCE mi. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, eegun inú ẹran náà nìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín in kù fún ará Áfíríkà, owó àjọ mi sì máa gbé ti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo rí tẹ̀ lé e, mi ò mọ ìlú tó wà gan-an. Ó pọ́ọ́kú bí ẹ̀fọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo kọ̀wé bi wọ́n pé ṣé ìjọba wa mọ̀ wọ́n. Wọ́n fèsì gígùn. Wọ́n kí mi, wọ́n yìn mí, wọ́n pè mí ní aṣíwájú ọ̀la, wọn ò dáhùn. Ẹni tí a béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò fẹ́ dáhùn ni. Mo pa ìyẹn rẹ́.

Ti ilé wa níbí ló kù. Orí fóònù ni wàá ti máa kàwé bí ẹsẹ̀ ẹ bá ṣe yá, ṣùgbọ́n tó bá di ìdánwò, wàá lọ jókòó sí gbọ̀ngàn ní Ìlọrin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Kò lè dín ní ọdún mẹ́ta, ó lè di mẹ́rin. Fọ́ọ̀mù wọn ò tíì jáde, ó di oṣù Ògún, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí lẹ́tà máa tẹ ọwọ́ èèyàn. Nàfísàt ní ti Ìlọrin lòun máa ṣe, òun ò fẹ́ kí kámẹ́rà ìdánwò ṣe àlejò nínú yàrá òun. Èmi mú Amẹ́ríkà. Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni mo ń bá sáré.

Mo sọ fún Ayọ̀dàmọ́lá lórí fóònù. Ó ní, "Bí ẹsẹ̀ bá ṣe yá kẹ̀? Ìwọ tó o bá lọ ra iyọ̀ ní ọjà Òwodé, ìrọ̀lẹ́ lò ń dé."

Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n máa kọjá lára àwọn èèyàn láì kí wọn ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ìlà fi já.

Ìṣẹ́gun, 22 Agẹmọ

Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé wọn. Àbámẹ́ta yìí ni, ọjọ́ kejì tí a bá gba họlidé. Nínú yàrá mi ni mo ti máa ṣe é, kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù á sì máa ṣọ́ mi. Òfin wọn le. Ojú mi ò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ wọlé, mi ò sì gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Màmá bi mí pé, "Ta ni yóò máa wò ẹ́?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá."

"Ẹ̀rọ náà ò níṣẹ́ ilé tó ń ṣe ni?"

Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n dirun kó tó di ọjọ́ náà, torí a ò mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ẹtì, 25 Agẹmọ

Họlidé dé. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé tó bá di ọ̀la, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé mo rìnrìn àjò. Àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ Nàfísàt. Màmá ní àwọn á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rí.

Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìdánwò náà ń lọ dáadáa. Iná wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró. Mo ti ṣe ìṣirò tán, mo ti wọ apá Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn. Ìgbà náà ni Bàbá Òjòkú dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní ìlú Òjòkú ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn ló sì fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Mi ò sọ fún wọn nípa òní, torí kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ta ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má wá?

Màmá náà ò lè ní kí bàbá ìyàwó dúró síta. Wọ́n ní àwọn gbìyànjú, àwọn ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o, Bàbá." Bàbá ní, "Mo kàn fẹ́ gbóhùn ẹ̀ ni, mi ò ní jókòó."

Mo gbọ́ oríkì mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá: "Àdùkẹ́!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga. Orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé kámẹ́rà ń bẹ. Ká ní Bàbá tètè dáhùn, bóyá ǹ bá ti sáré padà. Ṣùgbọ́n Bàbá Òjòkú kì í tètè dáhùn. Oríkì ni wọ́n fi ń dá ìkíni padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré mi. Ta ló ń dìde nígbà tí wọ́n bá ń kì í lọ́wọ́? Orí mi ń wú. Mo gbọ́ tí láptọ́ọ̀pù dún lẹ́yìn mi, ó tún dún, ó wá dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi," wọ́n ti ti ìdánwò náà pa. Wọ́n kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé akẹ́kọ̀ọ́ fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, pé ohùn ẹlòmíràn wà nínú yàrá.

Bàbá gbé iṣu kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé mi ò dí ẹ lọ́wọ́?" Mo ní rárá, sà. Wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Mo fi ẹ̀rín sìn wọ́n dé títì, mo wá padà sí ilé ìdáná, mo sunkún.

Àìkú, 27 Agẹmọ

Nígbà tí wọ́n ní kí ìjọ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Ọjọ́rú, 30 Agẹmọ

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní kí n kọ ìdí tí mo fi kúrò níwájú kámẹ́rà. Mo kọ, mo pa rẹ́, mo tún kọ. Tí mo bá ní bàbá mi wọlé, wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò juwọ́ sí wọn. Tí mo bá ní mo kúnlẹ̀, wọ́n á rò pé mo ń wá ìwé lábẹ́ tábìlì ni. Nígbẹ̀yìn mo kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ wa, bàbá ẹni kì í wà lórí ìdúró kí ọmọ jókòó, ọmọ kì í sì í dìde títí bàbá á fi parí ọ̀rọ̀. Nàfísàt kà á, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n yọ òwe tó wà nísàlẹ̀ kúrò. Mo yọ ọ́.

Wọ́n ti fèsì. Wọ́n dúpẹ́ fún àlàyé mi, wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣà mi, òfin wọn ò sì yí padà. Mo lè tún un ṣe ní 16 Ògún. Tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀, ẹni Ìlọrin á ti jókòó sórí àga mi.

Àìkú, 3 Ògún

Màmá ti sọ fún Bàbá. Wọ́n ní Bàbá bi àwọn lórí fóònù pé báwo ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́jọ́sí, àwọn ò sì lè parọ́ fún àgbà. Bàbá ní kí wọ́n fún mi ní fóònù.

"Àdùkẹ́, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, sà."

Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Ẹtì, 8 Ògún

Bàbá pè láàárọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ààyè wà kí n yà lọ́dọ̀ yín lónìí?" Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Bàbá, ilé yín ni."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣé ààyè wà?"

Wọ́n dé lóòótọ́, wọ́n jókòó sétí àga bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, dìde." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò kì mí. Ó dùn mí ju ìdánwò tó bọ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ògún

Gààrí tún ti gbówó lórí, dátà náà ò gbẹ́yìn. Ìdájí ni mo ń kàwé, kí Màmá tó jí. Mummy Adétóyè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Tóyọ̀sí, mò ń retí."

Àbámẹ́ta, 16 Ògún

Mo yege! Ojú ẹsẹ̀ ni èsì jáde. Ẹnikẹ́ni ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, ilé pa lọ́lọ́ títí mo fi ṣe tán. Màmá jó lórí àga.

Nàfísàt wá kí mi kú oríire. Ó ní òun rí Bàbá Òjòkú ní gáréèjì láàárọ̀, tí wọ́n jókòó sábẹ́ ibòòji. Ó ní ṣé wọn ò ní dé ilé ni. Wọ́n bi í pé, "Ṣé wọ́n ti dá a sílẹ̀?" Nàfísàt pè mí, mo ti pa fóònù. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ Òjòkú fi kún, wọ́n bá wọ̀ ọ́ padà sílé.

Gbogbo ayọ̀ tó wà nínú mi tutù.

Ìṣẹ́gun, 19 Ògún

Lẹ́tà ìgbaniwọlé dé, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Títí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni mo ní láti fi sọ pé mo gbà.

Òní ni mo tó fara balẹ̀ ka ìlànà wọn. Gbogbo ìwé tí mo bá kà tán ló ní ìdánwò tirẹ̀, gbogbo ìdánwò ló ní kámẹ́rà. Tí ẹsẹ̀ mi bá yá bí mo ṣe fẹ́, kò sí oṣù tí kò ní sí. Ìyẹn ni pé oṣooṣù, fún ọdún méjì, ni bàbá mi máa jókòó sí gáréèjì. Nàfísàt ní kí n lọ yá yàrá níbòmíràn. Yàrá wo ló wà ní Ọ̀fà tí wọn ò ti mọ̀ mí, tí wọn ò ní yọjú wá kí mi?

Fọ́ọ̀mù ti Ìlọrin ti jáde. Èmi àti Nàfísàt jọ kọ ọ́ lánàá.

Ọjọ́ Ajé, 25 Ògún

Mo lọ sí Òjòkú. Mi ò pè.

Bàbá wà níwájú ilé, wọ́n ń yín àgbàdo. Mo kúnlẹ̀ sórí háhá.

Wọ́n ní, "O ò pè kó o tó máa bọ̀."

Mo ní, "Ṣé ilé àlejò ni mo wá ni, sà?"

Wọ́n wo àgbàdo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Èmi náà ń bi ara mi bẹ́ẹ̀."

Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn, pé mo fẹ́ fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, kí n dúró de ti Ìlọrin. Wọ́n ní, "Má torí tèmi gbé ìwé jù sílẹ̀ o. Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Mi ò gbé e jù sílẹ̀, sà. Ọ̀nà ni mo fẹ́ yí padà."

"Èwo ló yá nínú méjèèjì?"

"Èyí tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ ni, sà."

"Àga ọ̀gá àgbà tó o sọ ńkọ́?"

"Ó lè bọ́."

Wọ́n ti apẹ̀rẹ̀ sí mi, a jọ yín àgbàdo títí ọkọ̀ fi dé. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé sọ́kọ̀, wọ́n ní kí n ṣe èyí tí ọkàn mi bá gbé, pé ní tàwọn, àwọn á máa pè kí àwọn tó wá.

Àìkú, 31 Ògún

Mi ò tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀ tí mo bá gbà. Mo sọ fún Ayọ̀dàmọ́lá, ó ní èmi ni mo mọ ẹrù tí ọrùn mi lè gbé. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọwẹ́wẹ̀

Mo lọ sọ fún Mummy Adétóyè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n bọ́ awò ojú.

"Lẹ́tà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, o jẹ́ kó lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Mo sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Bàbá tèmi ti kú, mi ò ní bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún la ń wọlé, Tóyọ̀sí. Mi ò lè yẹ̀ ẹ́."

Mo ní mi ò ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọwẹ́wẹ̀

Lẹ́tà Nàfísàt ti dé. Tèmi ò tíì dé. Mo bá a yọ̀ dénú, mo sì jowú rẹ̀ dénú.

Àìkú, 14 Ọwẹ́wẹ̀

Kò dé.

Ọjọ́ Ajé, 15 Ọwẹ́wẹ̀

Ọ̀gá àgbà tuntun ti dé láti Ìlọrin. Olúṣèyí lorúkọ rẹ̀, mo jù ú lọ dáadáa. Mummy Adétóyè fi í hàn wá níwájú àwọn ọmọ. Ó wá bá mi lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ wọlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ilé ìwé yìí. Ẹ máa fọ̀nà hàn mí." Èèyàn rere ni. Ìbá sàn fún mi ká ní ó ya ìpátá.

Mo fi kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń há hàn án, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo padà sí kíláàsì mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18 Ọwẹ́wẹ̀

Lẹ́tà Ìlọrin dé lónìí. Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Àbámẹ́ta, 4 Ọ̀wàrà

Mo ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù nínú yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Òjòkú ní pálọ̀, tí wọ́n ń kí Màmá. Mo wo fóònù mi. Wọn ò pè.

Wọ́n yọjú sí yàrá. Wọ́n ní, "Wọ́n ní wọ́n ti gbé ẹlòmíràn síbẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kíláàsì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n nawọ́ sí fóònù. "Ìyẹn ńkọ́? Ṣé kò ní bínú?"

Mo ní, "Á dúró dè mí, sà." Mo dá ẹ̀kọ́ náà dúró, mo kúnlẹ̀.

Wọ́n wú ikọ́, wọ́n gbé ọ̀pá ti ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi. Mi ò yára dìde.